Òkúta inú àpò òróòro: ṣé oúnjẹ tàbí ewé lè yọ ọ́?

Ìbéèrè: Ẹ káàárọ̀ o mà. Ọmọ ọdún 46 ni mí, aṣọ ni mò ń tà n'Íbàdàn. Lẹ́yìn tá a parí ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ 21 ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo lọ síbi ìnáwó kan, mo jẹ ìrẹsì pẹ̀lú ẹran díndín, ó di bí aago kan òru ni inú bá bẹ̀rẹ̀ sí í run mí lábẹ́ ìhà ọ̀tún, ó gbé e dé èjìká, mo bì lẹ́ẹ̀mẹta, ilẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ mọ́ kó tó fi mí sílẹ̀. Ulcer ni mo pè é. Ìgbà tí mo ṣe scan ni wọ́n rí òkúta 3 nínú àpò òróòro mi, èyí tó tóbi jù jẹ́ mílímítà 14. Dókítà ní kí n wá ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí. Ìyá kan níjọ wa ní kí n lọ mu olive oil pẹ̀lú omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ Epsom, pé màá yà á jáde. Kí ni mo lè jẹ, kí ni mi ò gbọ́dọ̀ jẹ, ṣé ewé kankan wà tó lè yọ ọ́? Sátidé tó ń bọ̀ sì ni ìgbéyàwó àbúrò mi, ọ̀fadà ni wọ́n fẹ́ sè, ṣé kí n má fẹnu kàn án ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrora o, àǹtí mi. Ìrora yẹn, àwọn tó ti bímọ rí tí wọ́n sì tún ti ní in sọ fún mi pé àwọn ò mọ èyí tó le jù nínú méjèèjì, torí náà mi ò ní fi yín ṣeré. Ẹ jẹ́ n tètè sọ èyí tó le jù ká lè kúrò níbẹ̀. Kò sí oúnjẹ, kò sí ewé, kò sí àgbo tí mo mọ̀ tó máa yọ́ òkúta mílímítà 14 dànù. Ẹni tó bá lóun ní in, kó gbé scan ìṣáájú àti scan ẹ̀yìn ẹ̀ wá ká jọ wò ó. Àmọ́ oúnjẹ lè ṣe nǹkan míì, ó lè jẹ́ kí òkúta yẹn jókòó jẹ́ẹ́ síbi tó wà láì dá yín lóró títí tẹ́ ẹ máa fi pinnu ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe, ó sì lè dín in kù kí òmíì tún máa kóra jọ. Ibẹ̀ yẹn niṣẹ́ tèmi wà.

Ẹ ti rí òróòro rí, bóyá ẹ ò kàn kíyè sí i ni. Lọ́jọ́ Iléyá, tàbí lọ́jọ́ tí wọ́n bá pa ewúrẹ́ nílé, tí alápatà bá ti dé ìdí ẹ̀dọ̀, ẹ máa rí i pé ọwọ́ ẹ̀ á rọ̀, á fi ìka méjì di àpò kékeré kan mú, àpò aláwọ̀ ewé tó lẹ̀ mọ́ abẹ́ ẹ̀dọ̀ yẹn, àwọn tó dúró tì í á sì máa pariwo pé "rọra o, má jẹ́ ó bẹ́!" torí tó bá fi lè bẹ́ sára ẹran, ẹran ti korò nìyẹn. Irú ẹ̀ gan-an ló wà nínú tiwa náà. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe omi kíkorò yẹn, ó máa ń ṣe tó ìlàjì lítà sí lítà kan lójúmọ́, àpò yẹn kàn ń bá a tọ́jú díẹ̀ pamọ́ ni, kò sì gbà ju mílílítà 30 sí 50 lọ, bí ife kékeré tí wọ́n fi ń ta paraga. Tó bá ti wà níbẹ̀, àpò á máa fa omi ara ẹ̀ gbẹ, kó lè ki. Ìgbà tẹ́ ẹ bá wá jẹ nǹkan ọlọ́ràá, tí ọ̀rá yẹn dé inú ìfun, ìfun á ránṣẹ́ sí àpò, àpò á fún ara ẹ̀ bí ẹni ń fún ọsàn, omi kíkorò á tú jáde lọ bá ọ̀rá, á tú u ká bí ọṣẹ ṣe ń tú epo ká lára abọ́.

Tí òkúta bá wà nínú àpò yẹn ńkọ́? Àpò fẹ́ fún, òkúta lọ dí ẹnu ọ̀nà, àpò ń fún un lọ, omi ò ríbi gbà, ìrora wá dé, nígbà tó bá yá òkúta á yẹ̀ padà sẹ́yìn, ìrora á sì lọ bí ẹni pé kò wá rí. Ìdí ẹ̀ rèé tó fi jẹ́ pé òru ọjọ́ ìnáwó ló mú yín, tí kì í ṣe ọjọ́ tẹ́ ẹ mu ẹ̀kọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni mo ti rí tí wọ́n fi oògùn ulcer jẹ ọdún méjì mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ òkúta, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ tètè ṣe scan.

Ní ti ààwẹ̀ yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, mi ò bá àdúrà jà, èmi náà ń gbààwẹ̀. Àmọ́ òkúta mílímítà 14 ò lè dàgbà lọ́jọ́ 21, ó ti pẹ́ tó ti wà níbẹ̀, ààwẹ̀ àti ìnáwó yẹn ló kàn jí i. Téèyàn bá ń wà láìjẹun láti àárọ̀ dalẹ́ lọ́jọ́ tó pọ̀ báyẹn, àpò ò ní rí ìdí tó fi máa fún ara ẹ̀, omi inú ẹ̀ á dúró sójú kan, á máa ki sí i, ohun tó wà nínú ẹ̀ á wá máa sílẹ̀ sísàlẹ̀ bí ṣúgà tó pọ̀ jù nínú tíì. Kólẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, irú ọ̀rá kan tí ara fúnra ẹ̀ ń ṣe, ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń sílẹ̀ yẹn fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Téèyàn bá tún wá jó lójijì, tó ń fi ju kílò kan àtààbọ̀ lọ lọ́sẹ̀, ẹ̀dọ̀ á tún máa da kólẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù sí i. Àwọn tó ń mu tíì ajẹ́nijó, àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n máa mu omi kúkúḿbà nìkan lọ́sẹ̀ méjì, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń gbà. Ẹ ò sọ bóyá ẹ sanra fún mi, tó bá jẹ́ pé ẹ sanra tẹ́ ẹ fẹ́ fọn, ó dáa, ẹ fọn, ṣùgbọ́n ìlàjì kílò sí kílò kan lọ́sẹ̀ ti tó. Tí ààwẹ̀ bá tún dé, ẹ bá pásítọ̀ sọ̀rọ̀ pé ara yín ò gba àìjẹun títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ báyìí o. Mi ò rí pásítọ̀ gidi kan tó máa ní kẹ́ ẹ lọ kú.

Ó yá, olive oil. Mo mọ̀ pé ẹni tó sọ ọ́ fún yín fẹ́ràn yín, ó sì ṣeé ṣe kó ti ṣe é, kó sì ti rí nǹkan aláwọ̀ ewé roboto-roboto nínú ìgbẹ́, kó bú sẹ́kún ayọ̀. Kì í ṣe irọ́ ló ń pa. Nǹkan yẹn máa ń jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọṣẹ ni! Lọ́dún 2005 àwọn dókítà ní New Zealand kọ ọ̀rọ̀ obìnrin ẹni ogójì ọdún kan sínú The Lancet, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn. Òkúta wẹ́wẹ́ wà nínú òróòro ẹ̀, oníṣègùn ewé kan ní kó mu omi ápù àti ti ewébẹ̀ láìjẹun, kó wá fi mílílítà 600 olive oil àti mílílítà 300 omi ọsàn lẹ́mọ̀nù tẹ̀ lé e fún wákàtí mélòó kan. Lọ́jọ́ kejì ó ya àwọn nǹkan tútù-yọ̀yọ̀ kan, ó kó wọn sínú fírísà, ó gbé e lọ fún àwọn dókítà pé ẹ wá wo òkúta mi. Wọ́n gbé e dé láàbù, kò sí kólẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù kan níbẹ̀, kò sí kálísíọ́ọ̀mù, ìgbà tí wọ́n gbé e sínú ooru tó tó ìwọ̀n 40, láàárín ìṣẹ́jú 10 ó ti yọ́ di epo. Epo tó mu yẹn àti omi ọsàn ló para pọ̀ nínú ìfun tó di bẹ́ẹ̀. Òkúta tiẹ̀ gan-an ṣì wà lójú scan, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi mú un kúrò níkẹyìn.

Mi ò bá ti ní kẹ́ ẹ lọ gbìyànjú ẹ̀ wò náà, ṣùgbọ́n ẹ ronú sí i, ohun tí mo sọ nípa ẹran díndín lẹ́ẹ̀kan, pé ọ̀rá ló ń mú kí àpò fún ara ẹ̀. Odidi ìgò epo lórí ikùn òfo, irú fífún wo nìyẹn máa jẹ́? Tí òkúta kékeré kan bá wà láàárín mẹ́ta yẹn, ó lè ti í wọ inú ọ̀pá tó já sí ìfun. Ibẹ̀ lewu wà. Èyí tó kéré ló máa ń yọ́ wọ ọ̀pá, kì í ṣe èyí tó tóbi, tó bá sì dí ọ̀pá, ojú àti itọ̀ á pọ́n, tàbí kó dí ọ̀nà tí omi pancreas, ẹ̀yà ara kan lẹ́yìn ikùn tó ń bá wa da oúnjẹ, ń gbà, wàhálà yẹn ti kọjá oúnjẹ.

Ní ti ewé, ewúro, dóńgóyárò, àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, mi ò rí èyí tí wọ́n ti fi hàn pé ó ń yọ́ òkúta. Ẹ jẹ ewúro nínú ọbẹ̀, ó dáa. Àgbo tí wọ́n fi ọtí rẹ, tẹ́ ẹ ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, ẹ̀dọ̀ yín ló máa sanwó ẹ̀, ẹ̀dọ̀ sì ni ìyá òróòro. Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún gan-an ni ata ilẹ̀ pupa, turmeric yẹn, tí gbogbo èèyàn ń mu báyìí. Díẹ̀ nínú ọbẹ̀ ò burú. Kápúsù ẹ̀ ni mò ń sọ, torí wọ́n ti wò ó lára èèyàn tí ara ẹ̀ le, ó ń mú kí àpò òróòro fún ara ẹ̀, ẹni tí kò lókùúta lè gbádùn ìyẹn, ẹ̀yin ò lè gbádùn ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kọfí náà fara jọ ọ́. Lọ́dún 1999 ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí àwọn ọkùnrin tó lé ní 40,000, àwọn tó ń mu ife méjì mẹ́ta lójúmọ́ ò ní àìsàn òkúta tó àwọn tí kì í mu ún, ó fi nǹkan bí 40 nínú ọgọ́rùn-ún dín. Tẹ́ ẹ bá ti ń mu ún tẹ́lẹ̀ tí kì í ṣe yín ní nǹkan kan, ẹ máa mu ún lọ. Tẹ́ ẹ ò bá mu ún rí, ẹ má torí òkúta tó ti wà nílẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Oògùn kan wà ṣá, ursodeoxycholic acid lorúkọ ẹ̀, ara òróòro ẹranko béárì ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, ó lè yọ́ òkúta kólẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tó kéré. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́fà sí ọdún méjì lẹ máa fi lò ó, ó wọ́n, nǹkan bí ìdajì àwọn tó lò ó ni òkúta máa ń padà sí lára láàárín ọdún márùn-ún. Ti mílímítà 14, mi ò rò pé dókítà yín máa ronú kàn án.

Ẹ jẹ́ ká wọ ilé ìdáná wàyí. Mo ní ẹjọ́ kan láti rò níbí. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, obìnrin kan wá bá mi lórí ọ̀rọ̀ kan náà, mo fi ìbẹ̀rù sọ fún un pé kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan epo rárá, kò gbọ́dọ̀ fi kàn ìkòkò ẹ̀. Ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀kọ, ewédú tí kò lépo, ìyẹn ló ń jẹ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ó ti gbẹ, ìrora ẹ̀ ò dín, àfi bí ẹni pé ó tún pọ̀ sí i. Àṣìṣe tèmi ni. Àpò tí kò rí ọ̀rá kankan ò ní fún ara ẹ̀, omi ẹ̀ á dúró. Ohun tó yẹ ni epo díẹ̀, lóòrèkóòrè, kó má jẹ́ pé ẹ gbààwẹ̀ ọ̀rá lọ́jọ́ mẹ́fà kẹ́ ẹ wá lọ dì í lóde ìnáwó lọ́jọ́ keje.

Ẹ wò bá a ṣe ń se ẹ̀fọ́ rírò. Ẹ ti gbé ìkòkò kaná, ẹ gbé kéègì epo, ẹ dà á wíì, ó dún, ẹ tún dà á díẹ̀ sí i torí ojú ọbẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ́n. Ìgbà tó yá epo ti léfòó, ẹ̀fọ́ ń wẹ̀ nínú ẹ̀. Ṣíbí ìjẹun kan tó kún fún epo ti ní gíráàmù ọ̀rá 14 nínú. Ìwọ̀n tẹ́ ẹ dà yẹn á tó ṣíbí 12 tàbí 15, ká ní èèyàn mẹ́rin ló fẹ́ jẹ ẹ́, ẹ bá mi ṣírò ẹ̀, láì tíì ka ẹran, ṣàkì àti àbọ́dì. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe rèé: ẹ má dà á láti inú kéègì mọ́. Ẹ mú ṣíbí, ẹ wọ̀n ọ́n, ṣíbí kan fún ẹnì kan tó fẹ́ jẹun, mẹ́rin fún ẹni mẹ́rin, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ata àti àlùbọ́sà pẹ́ lórí iná kó tó gba epo. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ilé á ráhùn. Lọ́sẹ̀ kẹta wọn ò ní rántí mọ́.

Gbẹ̀gìrì àti ewédú, ẹ̀fọ́ tí epo ẹ̀ mọ níwọ̀n, ẹ̀wà sísè, mọ́ínmọ́ín, ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísè tàbí bọ̀ọ̀lì dípò dòdò, pánlá, ẹran adìẹ tẹ́ ẹ ti bó awọ ẹ̀, gbogbo ìyẹn máa ń dùn mọ́ àpò yẹn. Ẹ̀wà lè kọ́kọ́ mú kí inú yín kún, ẹ bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Pọ̀nmọ́ tí gbogbo ayé ń bú yẹn, ọ̀rá inú ẹ̀ ò tó nǹkan, ẹ lè jẹ ẹ́. Ẹ̀pà náà, ẹ gbọ́ mi dáadáa, ẹ̀kúnwọ́ kan, sísè ló dáa jù, torí ìwádìí táwọn kan ṣe lára àwọn nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà fi hàn pé àwọn tó ń jẹ ẹ̀pà àti irú èso bẹ́ẹ̀ lóòrèkóòrè ò ṣe iṣẹ́ abẹ òróòro tó àwọn tí kì í jẹ ẹ́, ó fi bí ìdá mẹ́rin dín. Ṣùgbọ́n ìlàjì ẹ̀pà ni epo, kì í ṣe nǹkan tẹ́ ẹ máa jókòó tì lọ́sàn-án kẹ́ ẹ máa jẹ ẹ́ bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Àkàrà, puff-puff, ẹyin díndín, ṣúyà olọ́ràá, ẹran ẹlẹ́dẹ̀, ẹ̀gúsí tí epo bò lójú, ẹ gbé wọn tì ná. Oúnjẹ tó ń bá ẹnì kan jà lè má bá ẹlòmíì jà, torí náà ẹ mú ìwé kékeré kan, alẹ́ tí inú bá run yín ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ jẹ sí i, lẹ́yìn oṣù kan ìwé yẹn á kọ́ yín ju èmi lọ.

Èyí tó kan ẹ̀yin ọlọ́jà jù, ẹ má kúrò nílé láìjẹun. Mo mọ bí ọjà ṣe rí, àárọ̀ kùtù ẹ ti dé ṣọ́ọ̀bù, ó di aago méjì ọ̀sán kẹ́ ẹ tó rántí oúnjẹ, ìgbà yẹn lẹ wá máa jẹ ìrẹsì tí ọbẹ̀ ẹ̀ kún fún epo. Ẹ mu ògì pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín láàárọ̀, ìyẹn náà ti tó. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ ń lo ìfètòsọ́mọbíbí tàbí oògùn homónù, ẹ jẹ́ kí dókítà yín mọ̀, torí ó wà lára ohun tó ń mú òkúta pọ̀ lára obìnrin, oyún náà sì wà lára ẹ̀. Ẹ tún ṣàyẹ̀wò ṣúgà.

Ẹni tó ń kà á tó ní ọmọ SS nílé, ọ̀tọ̀ ni ti yín o. Òkúta tiwọn kì í ṣe ti kólẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, ẹ̀jẹ̀ tó ń tètè bàjẹ́ ló ń di òkúta dúdú, kì í sì í ṣe oúnjẹ ló fà á, torí náà ẹ má lọ fìyà oúnjẹ jẹ ọmọ. Tí inú ọ̀tún bá ń dùn ún, ẹ má kàn pè é ní crisis, ẹ ní kí wọ́n ṣe scan.

Nípa iṣẹ́ abẹ, èmi kì í ṣe dókítà tó ń ṣe é, mi ò sì ní tì yín lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló lókùúta tí kò yọ wọ́n lẹ́nu rí, àwọn yẹn ò nílò ẹ̀. Ẹ̀yin ti kúrò lára wọn, ó ti mú yín lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó bá sì ti mú lẹ́ẹ̀kan sábà máa ń tún mú un. Tó bá jẹ́ ẹ̀rù pé báwo ni mo ṣe máa wà láìní òróòro ló ń bà yín, àpò ni wọ́n fẹ́ yọ, ẹ̀dọ̀ ò kúrò, ó ṣì ń ṣe omi ẹ̀, omi yẹn á kàn máa kán sínú ìfun tààrà ni. Ẹyẹlé tẹ́ ẹ ń rí yẹn, Ọlọ́run ò dá àpò òróòro mọ́ ọn, ẹṣin náà ò ní in, ó sì ń sáré. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun, ọdún 1882 ni Carl Langenbuch ti kọ́kọ́ ṣe é ní Berlin fún ọkùnrin kan tí ìrora yìí ti ń bá fínra fún ọdún 16. Láti nǹkan bí 1985 síbí ni wọ́n ti ń fi ihò kéékèèké mẹ́ta mẹ́rin ṣe é, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń ṣe irú ẹ̀ níbi tẹ́ ẹ lọ. Ìgbẹ́ àwọn kan máa ń rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀, ó máa ń lọ. (Òkúta inú òróòro màlúù, àwọn ará Ṣáínà máa ń fowó gọbọi rà á fi ṣe oògùn. Tiyín ò ní rí oníbàárà o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan yín.)

Kí ló máa mú kẹ́ ẹ fi ọ̀rọ̀ oúnjẹ sílẹ̀ kẹ́ ẹ gba ọsibítù lọ lóru? Tí ìrora bá kọjá wákàtí márùn-ún tí kò lọ, tí ibà àti òtútù bá tẹ̀ lé e, tí funfun ojú yín bá di yẹ́lò bí ti ibà apọ́njú, tí itọ̀ dà bíi Coca-Cola tí ìgbẹ́ sì funfun bí ẹfun, tàbí tí èébì ò bá dáwọ́ dúró. Kí ọmọ tó wà nílé mọ àwọn nǹkan yìí náà, torí tó bá ti mú yín ẹ ò ní lè rántí.

Ọ̀rọ̀ Sátidé wá kù. Ẹ jẹun díẹ̀ nílé kẹ́ ẹ tó lọ, kẹ́ ẹ má fi ebi wọ gbọ̀ngàn. Ọ̀fadà ò ṣẹ̀ yín, ìrẹsì tí wọn ò bó èèpo ẹ̀ tán ni, fíbà wà nínú ẹ̀. Ayamáṣe ẹ̀ ni ọ̀tá yín, ọbẹ̀ tó ń rin nínú epo tí wọ́n ti jó. Ẹ wá ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ nídìí ìkòkò ọbẹ̀, kó fi ẹ̀yìn ìgbakọ tẹ epo sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó bu ata tó wà nísàlẹ̀ fún yín, ṣíbí méjì péré, pẹ̀lú pọ̀nmọ́, kó má fi ṣàkì sí i. Ewé kan ni o, kódà tí wọ́n bá gbé èkejì wá. Tí wọ́n bá bi yín pé kí ló dé tẹ́ ẹ ò jẹun, ẹ ní ìyàwó lẹ wá wò.